Láti awọ tó jóná dé inú ọpọlọ: Ohun tí àwọn onímọ̀ bioengineering ń ṣe, àti ibi tó kan wa

Ìbéèrè kan wà tí àwọn olùgbọ́ wa kì í yé béèrè nígbàkígbà tí a bá ṣí fóònù sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìlera: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ti ń gbin ẹ̀yà ara ní lábù báyìí?" Ẹni tó ń béèrè kì í fi ṣeré. Ìyá ẹlòmíì ni apá rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní stroke, ti kọlù ú. Ọmọ ẹlòmíì ni iná jó. Àwọn míì sì wà tó jẹ́ pé ẹnìkan ló gbé páálí "stem cell" wá sílé fún wọn, tó ní kí wọ́n máa pò ó mu, pé gbogbo àìsàn á lọ.

Ìdáhùn ìbéèrè náà pín sí méjì. Ó ti ṣeé ṣe láwọn ibì kan, kò sì tíì ṣeé ṣe láwọn ibòmíì. Ìdí nìyẹn tí a fi ṣàkójọ àlàyé yìí, kí ẹ lè mọ ohun tó ti wọ ilé-ìwòsàn, ohun tó ṣì wà nínú ìdánwò, àti ohun tó jẹ́ ọjà lásán.

Kí ni bioengineering?

Ní kúkúrú, iṣẹ́ ẹnjiníà ni, àmọ́ ara ẹ̀dá ni wọ́n ń ṣe é sí. Ẹnjiníà tó ń kọ́ afárá máa ń ṣírò ẹrù tí afárá lè gbé. Ẹnjiníà ara ń ṣírò ẹrù tí eegun itan lè gbé, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sáré nínú iṣan, àti ìwọ̀n iná mànàmáná tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nítorí náà, nínú lábù kan ṣoṣo, ẹ lè bá dókítà, onímọ̀ kẹ́mísírì, ẹni tó mọ kọ̀ǹpútà àti ẹni tó mọ irin lò.

Ẹni tó bá ń gba oyè Ọ̀mọ̀wé nínú iṣẹ́ yìí, ìyẹn PhD, kì í kàn jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀. Ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn rí ni yóò mú, yóò sì dojú kọ ọ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí márùn-ún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Amẹ́ríkà. Sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tó ń tọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú àpótí tó móoru bí ara wa, ìwọ̀n 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ oúnjẹ wọn, ì báà jẹ́ ọjọ́ Sunday tàbí ọjọ́ Iléyá. Bí kòkòrò àìfojúrí kan bá yọ́ wọlé, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ dòfo nìyẹn.

Ìbéèrè tí wọ́n ń wá ìdáhùn sí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹni tó wà níta. Àmọ́ inú irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni ohun ńlá ti ń jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ awọ ara.

Awọ tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú àwo

Títí di bí ọdún 1975, ẹni tó bá yọ sẹ́ẹ̀lì awọ ènìyàn sínú àwo lábù mọ̀ pé kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi kú. James Rheinwald, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Howard Green ní MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wà lára àwọn tó yanjú rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n da sẹ́ẹ̀lì awọ pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì eku tí wọ́n ti fi ìtànṣán dá dúró. Sẹ́ẹ̀lì eku náà kò lè pọ̀ sí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣe ohun tó ń mú sẹ́ẹ̀lì awọ dàgbà. Ẹ rò ó bí ìyá àgbà tí kò bímọ mọ́, àmọ́ tó ń bá àwọn ọmọ rẹ̀ tọ́ ọmọ tiwọn. Bí sẹ́ẹ̀lì awọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ nìyẹn.

Kò ju ọdún mẹ́jọ lọ lẹ́yìn náà tí iṣẹ́ yìí fi gba ẹ̀mí là. Lọ́dún 1983, wọ́n gbé àwọn ọmọkùnrin méjì kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wá sí ilé-ìwòsàn ní Boston. Iná ti jó lé ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún awọ ara wọn. Nígbà yẹn, irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹbí rẹ̀ ti fẹ́ máa múra ìsìnkú. Àwọn dókítà gé ègé kékeré lára awọ díẹ̀ tó ṣẹ́kù, wọ́n tọ́ ọ dàgbà ní lábù bí Green ṣe fi hàn, wọ́n sì fi bo ọgbẹ́ wọn díẹ̀díẹ̀. Àwọn méjèèjì yè é. Wọ́n gbé ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn lọ́dún 1984.

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ awọ ti ara wọn ni pé ara kì í gba àlejò. Bí a bá fi awọ ẹlòmíì bo ọgbẹ́, ó lè ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, àmọ́ ara yóò padà lé e jáde.

Ọ̀nà kejì tún wà. Lọ́dún 1981, dókítà John Burke àti ẹnjiníà Ioannis Yannas gbé awọ àtọwọ́dá kan jáde. Ohun tí wọ́n yọ lára màlúù àti èyí tí wọ́n yọ lára kerekere ẹja ṣáàkì ni wọ́n fi ṣe ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi sílíkónì bo orí rẹ̀. Kì í ṣe awọ tó wà láàyè. Ibùjókòó ni, tí ara aláìsàn fúnra rẹ̀ yóò gbà kọ́ awọ tuntun sí.

Èyí tó ya ayé lẹ́nu jù ni ti ọmọkùnrin ọlọ́dún méje kan ní Jámánì. Àrùn àbímọ́ni kan ń jẹ́ kí awọ rẹ̀ máa bó bí ìgbà tí èèyàn bó ògèdè. Lọ́dún 2015, ikọ̀ Michele De Luca láti Ítálì àti àwọn dókítà ní Bochum tún àṣìṣe inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe, wọ́n tọ́ awọ tuntun, wọ́n sì fi pààrọ̀ nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún awọ òkè ara rẹ̀. Nígbà tí ìròyìn náà jáde lọ́dún 2017, ọmọ náà ti padà sílé-ìwé.

Àmọ́ kí ẹ mọ ibi tó kù sí. Awọ tí wọ́n tọ́ ní lábù kì í hu irun, kì í sì í làágùn. Fún ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ tó gbóná bíi tiwa, ọ̀rọ̀ òógùn kì í ṣe kékeré, torí òun ló ń mú ara tutù. Àwọn tó ń ṣe PhD lónìí ṣì ń wá ọ̀nà síbẹ̀.

Ọ̀pá iṣu tó ń yọ́

Awọ rọrùn díẹ̀ torí ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Báwo ni ti ẹ̀yà ara tó ní ìrísí, bí etí tàbí àpò ìtọ̀? Ibí ni iṣẹ́ ẹnjiníà gan-an ti wọlé. Lọ́dún 1993, Robert Langer àti dókítà Joseph Vacanti kọ àpilẹ̀kọ tó wá di òpó iṣẹ́ náà.

Ẹni tó bá ti dáko iṣu rí yóò tètè yé. Bí a bá gbin iṣu, a máa ń ri ọ̀pá kí okùn rẹ̀ lè rí nǹkan gùn. Àwọn onímọ̀ yìí náà máa ń mọ ohun kan sí ìrísí ẹ̀yà ara tí wọ́n fẹ́, wọ́n á gbin sẹ́ẹ̀lì aláìsàn sí i lára, sẹ́ẹ̀lì á sì máa gùn ún. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọ̀pá tiwọn máa ń yọ́ tán nínú ara. Nígbà tó bá fi yọ́, ó yẹ kí sẹ́ẹ̀lì ti lè dá dúró. Bó bá tètè yọ́ jù, ẹ̀yà náà á wó. Bó bá pẹ́ jù, ara á máa bá a jà. Ìdáwọ́lé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ PhD ni láti mọ ìwọ̀n ọjọ́ yẹn gan-an.

Dókítà Anthony Atala lo ọ̀nà yìí fún àpò ìtọ̀. Láti ọdún 1999, ikọ̀ rẹ̀ fi àpò ìtọ̀ tí wọ́n tọ́ ní lábù tún ti àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ méje ṣe, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2006. Ìròyìn náà káàkiri ayé. Ohun tí kò káàkiri tó bẹ́ẹ̀ ni pé ìdánwò míì tí wọ́n ṣe lórí ọmọ mẹ́wàá, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2014, kò yọrí sí rere. Kò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó, ìpalára tó bá a rìn sì pọ̀. Iṣẹ́ ìwádìí gidi kì í fi irú èyí pamọ́.

Nígbà tí ìkánjú wọ̀ ọ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi ń pẹ́ kí wọ́n tó fọwọ́ sí nǹkan, kó gbọ́ ti Paolo Macchiarini. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2011, ní ilé-ìwòsàn Karolinska ní Stockholm, ó fi ọ̀nà èémí oníke, tí wọ́n ti da sẹ́ẹ̀lì aláìsàn sí lára, sí ọ̀fun ọkùnrin ọmọ Eritrea kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Iceland. Ayé pàtẹ́wọ́. Àwọn ìwé ìròyìn ní ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n máa dúró de ẹ̀yà ara òkú ti tán.

Àmọ́ wọn ò kọ́kọ́ dán oníke yẹn wò lára ẹranko bó ṣe yẹ. Ọkùnrin náà kú ní oṣù Kìíní ọdún 2014. Àwọn méjì míì tí ó ṣe é fún ní Sweden náà ti kú. Dókítà mẹ́rin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ké gbàjarè, àwọn ọ̀gá wọn kò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ọdún 2023 ni ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Sweden tó rán Macchiarini lẹ́wọ̀n ọdún méjì ààbọ̀.

Torí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé nǹkan tuntun ṣiṣẹ́ lára eku, ẹ má tíì jó. Ó ṣì máa dé ara ẹranko tó tóbi, kó tó kan ènìyàn díẹ̀, kó tó wá kan ènìyàn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń kú sójú ọ̀nà, ìyẹn ló sì ń dáàbò bo àwa aráàlú.

Ọpọlọ: gbígbọ́ ohun tí kò lẹ́nu

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé ọ̀rọ̀ nínú ọpọlọ ènìyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Onímọ̀ ọmọ Brazil kan, Suzana Herculano-Houzel, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbé òǹkà yẹn jáde lọ́dún 2009. Iná mànàmáná tín-ín-tín ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí stroke bá kọlu èèyàn tàbí tí ọ̀pá ẹ̀yìn dá, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọpọlọ ṣì ń pàṣẹ pé "gbé apá sókè," ọ̀nà tí àṣẹ máa gbà ló ti dí. Ìbéèrè àwọn ẹnjiníà ni pé: ṣé a ò lè gba àṣẹ náà láti orísun, ká gbé e gba ọ̀nà míì?

Lọ́dún 2004, ikọ̀ kan tó ń jẹ́ BrainGate ní Amẹ́ríkà fi pátákó kékeré kan sínú ọpọlọ ọkùnrin tí wọ́n gún lọ́bẹ lọ́rùn, tí kò lè gbé ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ mọ́. Pátákó náà kò ju mílímítà mẹ́rin ní gígùn àti ìbú, abẹ́rẹ́ 96 ló sì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lójú rẹ̀. Ọkùnrin náà fi èrò ọkàn nìkan darí kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2012, wọ́n fi hàn bí obìnrin kan tí stroke ti dè mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ọdún 15 ṣe fi èrò ọkàn darí apá irin, tó gbé ìgò kọfí sẹ́nu, tó sì mu ún fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ti bọ́ aláìsàn rí mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí.

Lọ́dún 2023, ikọ̀ dókítà Edward Chang ní San Francisco ran obìnrin míì lọ́wọ́. Ọdún 18 ni stroke ti gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń ka ohun tó fẹ́ sọ láti inú ọpọlọ, ó sì ń sọ ọ́ jáde ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Neuralink, ilé-iṣẹ́ Elon Musk, fi tiwọn sí orí ẹni àkọ́kọ́. Láìpẹ́, díẹ̀ lára àwọn okùn tín-ín-tín rẹ̀ fà sẹ́yìn kúrò níbi tí wọ́n fi wọ́n sí.

Ẹ̀rọ míì wà tí kì í ka ọpọlọ, iná ló ń fún un. Alim-Louis Benabid àti ikọ̀ rẹ̀ ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 1987 fún àwọn tí ara wọn ń gbọ̀n. Wáyà wọ inú ọpọlọ, bátìrì wà lábẹ́ awọ àyà. Èyí ti kúrò ní ìdánwò, ilé-ìwòsàn ń lò ó káàkiri ayé fún àrùn Parkinson.

Ibi tí awọ àti ọpọlọ ti pàdé

Ẹ lè máa rò pé kí ló da ọ̀rọ̀ awọ tó jóná pọ̀ mọ́ ti ọpọlọ. Àpá ni. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ ọpọlọ, ọpọlọ máa ń ṣe bí awọ ṣe ń ṣe sí ẹ̀gún: ó máa ń kọ́ àpá yí i ká. Bí oṣù ti ń gorí oṣù, àpá náà á máa ki, ọ̀rọ̀ tí abẹ́rẹ́ ń gbọ́ á sì máa rẹlẹ̀, bí ìgbà tí rédíò ń sún kúrò lórí ìkànnì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó kọ́ bí ọgbẹ́ ṣe ń jinná fi wúlò fún ẹni tó ń ṣe ẹ̀rọ ọpọlọ. Ọ̀pọ̀ ìwádìí PhD lónìí ló dá lórí bí wọ́n ṣe máa fi ohun tó rọ̀ bí ọpọlọ fúnra rẹ̀ rọ́pò irin líle, kí ara má baà mọ̀ pé àlejò dé.

Ta ni wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ náà fún?

Ọ̀nà kan wà láti ka iná ọpọlọ láìla orí. Wọ́n máa ń lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ awọ orí, EEG ni wọ́n ń pè é. Hans Berger ló kọ́kọ́ ṣe é fún ènìyàn ní Jena, nílẹ̀ Jámánì, lọ́dún 1924. Àmọ́ irun tó rọ̀, tó sì nà ni irin náà bá mu. Irun tó ki, tó sì lọ́ bíi tiwa máa ń gbé e sókè, kì í jẹ́ kó kan awọ orí dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń yọ àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò nínú ìwádìí míì láìṣẹ̀ láìrò.

Arnelle Etienne, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè àkọ́kọ́ ní Carnegie Mellon, ní Pittsburgh, gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò pẹ̀lú Ọ̀jọ̀gbọ́n Pulkit Grover àti ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀nà àbáyọ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2020 kò jìnnà sí ohun tí onídìrí ń ṣe lábẹ́ ìbòrí ní ọjà wa. Wọ́n di irun náà ní ìlà gbọọrọ bíi kọ̀lẹ́sẹ̀, kí awọ orí lè hàn níbi tí irin máa jókòó, wọ́n sì ṣe irin tó ní apá bíi kílíìpù, tó ń ti ara rẹ̀ sábẹ́ ìdì. Iṣẹ́ onídìrí wọ lábù, ọpọlọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ketekete.

Bákan náà ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ìka láti mọ bí èémí ṣe wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2020 fi hàn pé ó ń kùnà láti rí i pé èémí ti dín kù lára àwọn aláwọ̀ dúdú ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Bí kò bá sí ọmọ wa nínú lábù, ẹni tó wà níbẹ̀ lè má mọ̀ pé a wà láyé.

Nílé ńkọ́?

Àwọn ọmọ wa ti ń wọlé. Oshiorenoya Agabi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Èkó, tó sì gba Imperial College ní Lọ́ńdọ̀n kọjá, gbé ẹ̀rọ kan jáde lọ́dún 2017 tó da sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ eku pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, kó lè máa gbóòórùn nǹkan bíi ohun abúgbàù. Nílé níbí, Yunifásítì Èkó, Yunifásítì Ìlọrin àti FUTA ní Àkúrẹ́ ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn. Ìpèníjà tó wà níwájú wọn kò ṣòro mọ̀: àpótí tó gbọ́dọ̀ móoru lọ́sàn-án lóru kò mọ̀ pé NEPA mú iná lọ.

Bí ẹ ṣe lè dá oníjìbìtì mọ̀

Ẹ padà sí ti páálí "stem cell" yẹn. Sẹ́ẹ̀lì ohun tó wà láàyè ni. Kò lè wà nínú ìyẹ̀fun gbígbẹ nínú sáṣẹ́ẹ̀tì fún oṣù mẹ́fà. Bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, inú yóò da bí ó ṣe ń da ẹran àti ẹja. Ìlò stem cell tó fìdí múlẹ̀ jù lọ ni gbígba mùdùnmúdùn eegun fún àwọn àrùn ẹ̀jẹ̀, ilé-ìwòsàn ńlá ni wọ́n sì ti ń ṣe é, pẹ̀lú àyẹ̀wò lóríṣiríṣi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ìtọ́jú tuntun fún yín, ẹ bi í ní mẹ́ta. Ṣé NAFDAC mọ̀ sí i? Ṣé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí ìlera fọwọ́ sí i? Ṣé ìwé wà tó ṣàlàyé ewu rẹ̀ kí ẹ tó buwọ́ lù ú? Bó bá jẹ́ owó ló kọ́kọ́ béèrè, ẹ mọ́wọ́ yín kúrò.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó kù ni ti àwọn tí stroke kò tíì kọlù. Ìwádìí SIREN, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Ìbàdàn àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Nàìjíríà àti Ghana, wo ẹni tí stroke kọlù tó lé ní 2,000, wọ́n fi wọ́n wé iye kan náà tí kò kọlù. Àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2018. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣáájú gbogbo ohun tó ń fà á, àìkì í jẹ ẹ̀fọ́ déédéé sì wà lára wọn. Pátákó inú ọpọlọ ṣì jìnnà sí wa, owó rẹ̀ sì ga. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní kẹ́mísì àdúgbò yín. Bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ pe màmá tàbí bàbá yín, kí ẹ bi wọ́n nígbà tí wọ́n yẹ tiwọn wò kẹ́yìn.